Ẹ wo ìlú tí orí pánlá ti ń wá: Ọmọ ẹja wà nínú ewu o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fi pánlá ṣeré nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ wá gbọ́ ibi tó ti ń wá. Kì í ṣe pánlá tútù inú firísà o, ìyẹn yàtọ̀. Èyí tó gbẹ bí igi, táwọn Ìbò ń pè ní okporoko, tó jẹ́ pé ayùn ni wọ́n fi ń gé e lọ́jà, òun lọ̀rọ̀ kàn.

Lofoten lorúkọ ibẹ̀, àwọn erékùṣù tó tò tẹ̀léra lápá àríwá Nọ́wè. Òkè olókùúta ló yọrí látinú òkun, tó ga fíofío, tí yìnyín bò lórí. Ilé àwọn apẹja, aláwọ̀ pupa, wà nísàlẹ̀ létí omi. Níbi tí títì ti parí pátápátá, abúlé kan wà ńbẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ: Å. Wọ́n tiẹ̀ ní mùsíọ́mù pánlá níbẹ̀! Bí àlejò bá dé lóṣù kẹta, kó tó rí ẹnikẹ́ni, imú ẹ̀ á ti sọ fún un pé ó ti débẹ̀. Igi ni wọ́n tò bí àtíbàbà, tí wọ́n so ẹja rọ̀ sí ní méjì-méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láìfi iyọ̀ kankan sí i. Láti oṣù kejì di oṣù karùn-ún, atẹ́gùn tútù ló ń gbẹ ẹ. Ara ẹja ń lọ sí Ítálì jù, orí ló ń wá sí Nàìjíríà. Kí orí tó dórí igi, àwọn ọmọ iléèwé á ti gé ahọ́n ẹ̀ tà, wọ́n sì ń rówó gidi nídìí ẹ̀ o. Àwọn àgbà tí ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ṣojú wọn á rántí pé pánlá yìí wà lára oúnjẹ tí wọ́n fi ṣàánú àwọn tébi ń pa ní Biafra.

Kọ́ọ̀dù lorúkọ ẹja ọ̀hún nígbà tó wà láàyè. Òkun Barents ló ń gbé, àmọ́ láti oṣù kìíní sí ìkẹrin, á rìn wá sí Lofoten wá yé ẹyin, bí ẹni ń bọ̀ wálé wá ṣọdún. Abo kan lè yé ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ má rò pé ọmọ ti pọ̀ nìyẹn. Ẹyin á léfòó, á pa láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ọmọ tó jáde kò sì gùn ju bíi mìlímítà mẹ́rin lọ. Oúnjẹ díẹ̀ tí ìyá ẹ̀ dì fún un wà nínú àpò ikùn ẹ̀. Bó bá ti tán, àfi kó rí àwọn kòkòrò omi wẹ́wẹ́ jẹ lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí. Láti 1914 ni Johan Hjort, ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ẹja pípa ní Nọ́wè, ti kọ ọ́ pé àsìkò ìkókó yìí ló ń sọ bóyá ẹja á pọ̀ tàbí kò ní í pọ̀ lọ́dún mélòó kan sí i.

Ibi tọ́rọ̀ ti di wàhálà nìyí. Èéfín mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti iléeṣẹ́ tó ń lọ sókè, òkun ń fà lára ẹ̀ mu. Omi ń gbóná, ó sì ń lọ sápá kíkan. Àwọn olùwádìí kan láti Kiel, ní Jámánì, tí ẹni tó ń kàwé gboyè dókítà ṣáájú wọn, gbé ọmọ kọ́ọ̀dù Barents sínú táǹkì ní Tromsø, lápá òkè Lofoten. Wọ́n ṣe omi kan bó ṣe rí lónìí, wọ́n ṣe èkejì bí wọ́n ṣe rò pé ó máa rí nígbà tí ọ̀rúndún yìí bá ń parí lọ. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2016: láàárín ọjọ́ 25 àkọ́kọ́, ìlọ́po méjì làwọn tó ń kú lójúmọ́ nínú omi kejì yẹn. Ìṣirò wọn ni pé níbi tí ọmọ ẹja 100 ti ń dàgbà wọ agbo lónìí, bíi 24 péré ló lè kù ní Barents. Ní ìwọ̀-oòrùn òkun Baltic ńkọ́? Mẹ́jọ! Ẹ jọ̀ọ́, irú kí nìyẹn?

Kò tán síbẹ̀ o. Lọ́dún 2018, wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn òbí ẹja sínú irú omi bẹ́ẹ̀, bóyá á mọ́ wọn lára. Níbi tí oúnjẹ ti pọ̀, ó ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Níbi tí oúnjẹ ti wọ́n, kò ṣe wọ́n láǹfààní. Lọ́dún kan náà, àwọn mìíràn láti Bremerhaven ní báyé bá fi ìwọ̀n 1.5 gbóná kọjá bó ṣe wà láyé àtijọ́, ibi tí kọ́ọ̀dù ti lè yé ẹyin máa dínkù, nítorí ẹyin kò lè fara da ooru tó ìyá tó yé e. Ẹja àgbà lè wẹ̀ lọ sí àríwá, síbi tó tutù. Ẹyin kò ní lẹbẹ́.

Nọ́wè àti Rọ́ṣíà ló jọ ń pín ẹja Barents. Mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí wọ́n pa lọ́dún 2013. Nígbà tó di 2025, ó ti já wá sí 340,000. Ẹni tó bá ní ojú ọjọ́ nìkan ló fà á, irọ́ ló ń pa, àwọ̀n náà lọ́wọ́ sí i. Àmọ́ nígbà tí ọmọ tó ń dàgbà kò bá pọ̀ mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò èyí tí wọ́n ń pa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ìyá ọlọ́jà jà nítorí owó orí pánlá, ọ̀nà ìjà yẹn jìn o.

Ní Lofoten, bó bá di oṣù karùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹja kúrò lórí igi. Nígbà tó bá yá, wọ́n á di orí sínú àpò, ọkọ̀ òkun á gbé e kọrí sí Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tó pa lóṣù kẹrin nínú omi ìtòsí ibẹ̀ náà ti wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn, ìṣàn omi ń gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ sí Barents.