Abéèrè Kì í Ṣìnà

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pàápàá ní ọ̀nà tirẹ̀.

Nígbà kan tí mò ń tẹ ìdánwò Yorùbá, àmì ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò lórí fáwẹ̀lì. Mo kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kí wọn tilétilé, tọmọtọmọ, mo wá ní: 'Kọ̀ǹpútà mi ti ba Yorùbá jẹ́. Ẹ gbà mí!'

Ẹnì kan fèsì láìkí mi: 'Lẹ́tà wo? Fọ́ǹtì wo?' Inú bí mi. Mo bá a wí gidigidi. Ó dákẹ́, àwọn yòókù náà sì dákẹ́.

Lóru, mo tún ìbéèrè rẹ̀ kà. Ṣebí oníṣègùn náà a máa béèrè ibi tó ń dun aláìsàn? Ní òwúrọ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì ṣàlàyé pé 'ẹ' ń jáde dáadáa, 'ẹ́' ni àmì rẹ̀ ń yẹ̀. Kíá ló dáhùn: nínú ìlànà Unicode, 'ẹ' ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n 'ẹ́' kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ńṣe ni a ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí, kì í sì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì ló mọ̀ ọ́n gbé. Mo pààrọ̀ fọ́ǹtì, iṣẹ́ sì parí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọlúàbí ní í kí ni. Ṣùgbọ́n àlàyé tó yanjú náà jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ẹni tí a fẹ́ kó ràn wá lọ́wọ́.