Ajá Àlejò, Ológbò Onílé

Nínú ìsinmi tó kọjá, àǹtí mi kó àwọn ọmọ wọn wá sílé wa láti Ayétòrò, ìlú etí òkun tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkun sì ń jẹ lọ. Omi ti gba ilé wọn. Tanímọ̀la, ajá wọn, bá wọn wọ ọkọ̀ wá.

Àlejò kò ni Ìyá àgbà lára, ajá ni wọn kò fẹ́. Ológbò wọn méjèèjì ló ń lé eku kúrò nídìí ẹja yíyan àti àwọ̀n. Orí òpó igi nilé wa wà. Bí ajá bá lé ológbò, inú omi ló máa bọ́ sí.

"Ẹ so ó mọ́ inú ọkọ̀!"

Ọmọ àǹtí mi bú sẹ́kún. Kí ló tún kù fún un láti ilé wọn?

Mo bẹ Ìyá àgbà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ bi àǹtí mi bóyá ajá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó ti gbà á. A tì í mọ́ yàrá. Mo fi àkísà nu ara rẹ̀, mo tẹ́ ẹ síbi táwọn ológbò ti ń jẹun. Mo gbé àpò tí wọ́n ń sùn lé fún ajá. Imú lẹranko fi ń kíra. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n jẹun lọ́tùn-ún lósì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo di okùn ajá mú ṣinṣin. Ìyá ológbò wú ìrù, ó gbá a nímú. Tanímọ̀la dọ̀bálẹ̀! Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín: "Ó ti mọ onílé."

Wọn kì í ṣọ̀rẹ́ o. Ẹnu ọ̀nà lajá ń sùn, orí àwọ̀n làwọn ológbò. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti ń ju orí ẹja sí i.