Ta Ló Ni Pápá Ìrẹsì Vinh Phuc?

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Noi Bai ní Vietnam a máa kọrí sí gúúsù, sí àárín gbùngbùn Hanoi, níbi tí alùpùpù ti ń tú jáde bí eéṣú. Ẹni tó bá yà sí ìwọ̀-oòrùn kò ní pẹ́ bọ́ sí Vinh Phuc. Níbẹ̀, pápá ìrẹsì àti ilé iṣẹ́ Honda àti Toyota jọ wà lórí ilẹ̀ kan náà ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn ọrọ̀ Vietnam ti yéni jù.

Ní àwọn ọdún 1960, kò sí àgbẹ̀ tó lè pe oko ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń darí ilẹ̀. Agogo á dún, gbogbo wọn á jáde, akọ̀wé á sì ka ọjọ́ iṣẹ́ oníkálukú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ àṣekára àti ẹni tó kàn fara ti ọkọ́, ìpín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ilé kọ̀ọ̀kan fi dá oko tirẹ̀. Ilẹ̀ kékeré yìí ni wọ́n ń tọ́jú bí ojú.

Kim Ngoc, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ní Vinh Phuc, rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1966 ó gbà kí wọ́n fa oko lé ìdílé lọ́wọ́: kí wọ́n dáko, kí wọ́n san iye tí ẹgbẹ́ bù fún wọn, kí wọ́n sì kó ìyókù relé. Ìkórè pọ̀ sí i. Nígbà tí 1968 ń parí lọ, ẹ̀sùn dé láti Hanoi. Truong Chinh, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́, bẹnu àtẹ́ lu ètò náà, wọ́n sì mú kí Kim Ngoc fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀bi. Ó kú ní 1979.

Ìyà ló wá là wọ́n lójú. Káàdì ni ará Hanoi fi ń gba ìrẹsì nígbà náà. Bíríkì ni wọ́n ń gbé sórí ìlà láti fi gba ipò. Ní 1986, ọ̀wọ́n gógó kọjá ìdá 700 nínú 100. Ta ni ẹ rò pé ó di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ lọ́dún náà, tó ń pe fún àtúnṣe? Truong Chinh kan náà ni! Àpérò oṣù Kejìlá fọwọ́ sí ètò Doi Moi, èyí tí í ṣe ìsọdọ̀tun. Ní 1988 wọ́n fa oko lé ìdílé lọ́wọ́. Ní 1989, orílẹ̀-èdè tó ti ń ra ìrẹsì wọlé ta ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sókè òkun. Ìjọba fi oyè dá Kim Ngoc lọ́lá ní 2009, ọdún 30 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì tán o. Òfin 1993 fún ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti lo pápá ìrẹsì fún ọdún 20, láti fi í dógò, àti láti fi í ṣe ogún fún ọmọ. Òfin 2013 sọ ọ́ di ọdún 50. Lílò ni wọ́n fún wọn, kì í ṣe níní. Bí ilé iṣẹ́ bá nílò ààyè, ìjọba lè gba pápá náà kí ó sì san owó gbà-má-bìínú, iye owó yìí ló sì sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀dọ́ inú ìdílé á rí iṣẹ́ olówó oṣù. Bàbá rẹ̀, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ìrẹsì lọ, ti dàgbà jù lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́, oko rẹ̀ sì ti lọ.