Ọ̀nà Èbúté Southampton
Bí a bá ń sin àwọn àgbà wa lọ wọ ọkọ̀ òkun ní Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ èbúté ni a óò kọ́kọ́ wò lára tíkẹ́ẹ̀tì. Márùn-ún ni wọ́n: City, Mayflower àti Horizon wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Ocean àti QEII wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó bá ṣì í, tòun tẹrù ni yóò padà sọdá, ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹnìkan. Rélùwéè láti Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù a máa gbé wa dé Southampton Central. Láti ibẹ̀, takisí ni ó yẹ arúgbó. Ní èbúté, àwọn aláàárù a gba àpótí ńlá, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí a tó tún rí i. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe di oògùn ìyá yín sínú rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un.