Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Fọ́tò Yíyà Níbi Eré Sísá Ìgbà Òtútù

Àwa mẹ́ta tí a fẹ́ràn kámẹ́rà nínú ẹgbẹ́ wa la kó ọ̀rọ̀ yìí jọ. Kò sí ẹni tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun nínú wa: ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì, ọ̀kan sì ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí òtútù bá ti dé, Burgess Park lẹ ó ti máa rí wa láàárọ̀ Sátidé, nítòsí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń sá eré kìlómítà 5.

parkrun ni wọ́n ń pe eré náà. Paul Sinton-Hewitt ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bushy Park, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, èèyàn 13 péré ló sì sáré lọ́jọ́ náà. Lónìí ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. A kì í san kọ́bọ̀. Agogo 9 òwúrọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní England, àfi bí yìnyín bá mú kí ilẹ̀ máa yọ̀ jù. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, fọ́tò yíyà sì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ la gbà wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò eré ìgbà òtútù, òun àti ìmọ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀jà. Nínú oṣù Kejìlá, nǹkan bí agogo 8 ni oòrùn ń yọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí eré bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbórí sókè lẹ́yìn àwọn ilé ni. Asáré kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí ojú kámẹ́rà kò bá ṣí kó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bí èéfín nínú fọ́tò. Bátìrì náà ń tètè kú nínú òtútù, nítorí náà a máa ń fi èkejì sínú àpò tó sún mọ́ ara, kó lè gbóná. Bí a bá délé, a kì í ṣí báàgì kámẹ́rà fún bíi wákàtí kan, torí pé afẹ́fẹ́ ilé tó gbóná á di omi sára lẹ́ńsì tó tutù.

Ṣùgbọ́n èyí tó ká wa lára jù ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ wa. Kámẹ́rà kò mọ èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, ó sì fẹ́ kí ohun gbogbo bọ́ sí agbedeméjì, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Bí ojú ọ̀run bá funfun lẹ́yìn ọmọ wa, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọmọ á sì di èédú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé fíìmù, láti àwọn ọdún 1950, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n máa fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Lorna Roth, onímọ̀ kan ní Kánádà, kọ ọ́ ní 2009 pé ẹ̀sùn àwọn oníṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, tí ọjà wọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò, wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún fíìmù ṣe. Ẹ gbọ́ o: igi àti ṣokoléètì ló bá wa rojọ́!

Nítorí náà, ojú èèyàn làwa ń wọ̀n, a kì í wọn ojú ọ̀run. A máa ń fi ìmọ́lẹ̀ kún èyí tí kámẹ́rà fẹ́, nígbà mìíràn ní ìlọ́po méjì. Bí ojú ọ̀run bá funfun bí ẹ̀kọ, kó máa funfun lọ. Òun kọ́ la wá yà.

Màmá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni ọdún 71. Dókítà ló ní kí wọ́n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n máa ń lò tó wákàtí kan kí wọ́n tó parí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, wọ́n ti sọ fún wa pé, "Ìgbà kejìlá mi rèé níbẹ̀, n kò rí fọ́tò ara mi rí. Àbí iwin ni mí?" Òtútù ló fà á. Onífọ́tò kì í sáré, ara rẹ̀ kì í gbóná. Bí àwọn ẹni iwájú bá ti kọjá, ìka rẹ̀ á ti kú, á sì wá tíì lọ. A ní àwa á dúró dè wọ́n.

Lọ́jọ́ tí a gbé kámẹ́rà sókè, Màmá fọwọ́ bojú. "Ẹ dúró ná! Nínú fìlà onírun yìí? Èmi kì í ya fọ́tò láìwé gèlè."

Wọn kò jẹ̀bi. Bí àwọn òbí wa ṣe mọ fọ́tò sí nìyẹn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1978: Yorùbá á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà, aṣọ ńlá lọ́rùn, ọwọ́ lórí eékún. Ipò ẹni ni fọ́tò ń fi hàn. Ta ló fẹ́ kí ará ilé rí òun níbi tí imú òun ti ń ṣomi? A sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

Ní Sátidé kejì, Màmá dé pẹ̀lú gèlè àdìrẹ lórí fìlà onírun. "Ó yá, ẹ máa yà á." A yà wọ́n níbi tí ọ̀nà ti yí, tí oòrùn kọjú sí wọn. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa rìn gbẹ̀yìn kí ẹlòmíràn má bàa ṣe ìkẹyìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ń dán, ilà ojú wọn hàn kedere. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Èmi nìyí." Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tó ti ń rò pé àìsàn ti dè wọ́n mọ́lẹ̀ torí wọn kò wálé mọ́. Àbúrò pe fóònù, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn!"

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń fi fóònù ya àwọn ọmọ yín nínú òtútù yìí, ẹ fọwọ́ kan ojú ọmọ lórí fóònù, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un kí ẹ tó yà á. Bó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ẹ má sì tètè lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà lójú, ó sì lárá nílé tó ń retí ìròyìn rẹ̀.

Kí òtútù má ṣe wá léṣe o. Àṣẹ.