Ọgbà Ẹ̀fọ́ Nílé, Òkè Ìdànrè Lókèèrè

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń fẹ́ dá ọgbà ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń fẹ́ kó àwọn ará ilé lọ gun òkè nígbà ọyẹ́. Ohun méjèèjì dára, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣètò, ọ̀kan a máa pa èkejì lára. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọgbà bẹ̀rẹ̀. Ebè mẹ́ta tí ó súnmọ́ kànga tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ibi tí oòrùn ń tàn sí, kí ẹ sì sọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́ àti adìẹ. Ìgbẹ́ adìẹ dára fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti jẹrà ni kí ẹ lò. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀: ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Irúgbìn ewédú kì í tètè hù. Àwọn ìyá wa a máa dì í sínú aṣọ, wọn a rì í bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sínú omi tútù. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó já láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ewédú láàrin ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa bomi rin wọ́n.

Ní ti òkè, Ìdànrè ni mo mọ̀. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Òndó. Orí àpáta ńláńlá wọ̀nyí ni àwọn ará ìlú náà ń gbé láti ayébáyé, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Lókè ni ààfin Ọwá àtijọ́ wà, àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn.

Ní ọyẹ́ kan, a múra láti lọ. Ìyá mi kò fẹ́ bá wa lọ, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tòmátì gbìn ni. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti sọ fún ọmọ aládùúgbò wa.” Lóòótọ́ ni mo sọ fún un, ṣùgbọ́n n kò sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni. Ní ibi ìsinmi kejì, eékún ìyá mi kọ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú aya mi, èmi àti àwọn ọmọ sì sáré gòkè lọ. Nígbà tí a padà délé, gbogbo tòmátì ti gbẹ. Ìyá mi wo ebè náà títí, wọn kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wí pé, “Ọmọ mi, ẹni tí yóò rìn jìnnà kì í gbin ohun tí yóò máa ké fún omi.”

Nítorí náà, ẹ fọ́n tẹ̀tẹ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ 5 ṣáájú ìrìnàjò, kí ẹ lè já a kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe tú ohunkóhun gbìn títí ẹ ó fi padà. Ẹ mú ẹni tí yóò ṣọ́ ọgbà dé ìdí ebè, kí ẹ fi ìwọ̀n omi hàn án, kí ẹ sì fún un láyè láti já ẹ̀fọ́ jẹ. Ní ọjọ́ òkè, ẹ tètè jí kí oòrùn tó mú, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ àgbà ilé ṣe òṣùwọ̀n ìrìn yín.

Ní ọyẹ́ tí ó tẹ̀lé e, a tún lọ. Ibi ìsinmi kejì náà ni ìyá mi tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa ni a jókòó tì wọ́n, a sì jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láti inú ọgbà wọn.