Bàtà Oṣù Kejì

Inú oṣù kejì ọdún ni màámi máa ń ra bàtà Kérésìmesì wa. Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán, bébà nọ́káótì tá a yìn lọ́dún tó kọjá ṣì wà nínú gọ́tà ojúlé wa ní Mushin, ni yóò ti ní ọjà yá. Igi ìgbálẹ̀ ló fi ń wọn ẹsẹ̀ wa. Á gbé e sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò, á fi ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì kún un kó tó ṣẹ́ ẹ. Ìka méjì yẹn ni oṣù mẹ́wàá tó kù kí ọdún tó dé.

Èmi àkọ́bí nìkan ló ń mú dání lọ sí Tejúoṣó. Igi ìgbálẹ̀ tàwọn àbúrò mi á wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, tó fi rọ́bà dè pọ̀. Ìyá oníbàtà tá a máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ á ti rí wa lókèèrè. “Tíṣà! Ẹ káàbọ̀ o. Kérésìmesì tún ti dé nílé yín nìyẹn?” Á fa bẹ́ǹṣì jáde, á fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀. Ọjà kì í yá lóṣù kejì. Aago méjìlá ọ̀sán lè lù kó jẹ́ àwa ni àkọ́tà rẹ̀. Màámi á jókòó, wọn á béèrè ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, wọn á bú ìjọba díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í nájà bí ìgbà tí àgbà méjì bá ń ta ayò. Nígbà tá a bá fi máa dìde, owó tó wà lọ́kàn màámi ló máa san, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn. Á tún gba ènì: okùn bàtà, tàbí ìbọ̀sẹ̀ kan tí ìka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ òwú.

Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Mo gbà pé ahun ni. Tó bá dọjọ́ ọdún, bàtà àwọn ẹgbẹ́ mi á máa rùn títun, tiwa á máa rùn káńfọ̀, torí pé inú àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti lo oṣù mẹ́wàá pẹ̀lú aṣọ ọdún àti ọṣẹ. Lọ́dún tí mo pé mẹ́tàlá, ẹsẹ̀ mi ò dúró de ìka méjì. Mo ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kò sínú bàtà yẹn láàárọ̀ Kérésìmesì, mo fi tiro dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi tiro padà. Màámi wo ẹsẹ̀ náà títí, ó ní, “Ẹsẹ̀ bàbá ẹ nìyẹn.” Kò tọrọ àforíjì. Àbúrò mi ló jogún bàtà náà kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ìgbà tí èmi náà délé ọkọ tí mo bí tèmi ni mo tó mọ ohun tí màámi ń rà lọ́wọ́ ìyá oníbàtà yẹn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, kò sì sí ogun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ tó Kérésìmesì: ọjọ́ 25 oṣù kejìlá, kì í yẹ̀, kì í pẹ́ dé. Síbẹ̀, ọdọọdún ló ń bá mi bí àlejò òru. Wọ́n á san owó oṣù kejìlá ní nǹkan bí ogúnjọ́, èmi àti gbogbo Surulere á sì jọ tú dà sí Tejúoṣó lọ́jọ́ kan náà. Láti Ojúẹlẹ́gba ni ọkọ̀ ti máa dúró gbagidi. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn ín, ẹ ó di báàgì yín mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó máa fa bẹ́ǹṣì jáde fún yín. Tẹ́ ẹ bá ní èló ni jálẹ̀, ọlọ́jà ò ní wojú yín: “Jálẹ̀ ni mo pè yẹn, Mọ́mì. Tẹ́ ò bá rà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ènì kẹ̀? Ẹ ò gbọdọ̀ tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀.

Ẹni tó bá lè dìde kó máa lọ ló ń borí nínú nínájà. Lọ́jọ́ 23 oṣù kejìlá, ta ló lè dìde? Ọlọ́jà mọ̀ pé ọmọ ń retí nílé. Owó ìkánjú ti wà nínú iye tó pè, a ò kàn rí i kọ sára bàtà ni. Màámi ò fẹ́ san owó yẹn láéláé, òun ló ṣe ń lọ rajà nígbà tí ọlọ́jà ló nílò rẹ̀.

Owó ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa tọ́jú, kì í ṣe ọjà. Mo ra kóló onígi, mo gbé e sórí wọ́dúróòbù. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Kò pẹ́ tí Kérésìmesì lọ tí gbogbo ìlú fi ń tò ní báńkì, tí owó bébà dàwátì, tí POS ń ta owó fún wa bí ẹni ń ta tòmátò. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá sí i lóṣù kẹta ọdún 2023, mo ti fọ́ kóló náà, mo ti kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ tò. Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ ariwo tá a jọ gbọ́. Èyí tí ò pariwo ló burú jù. NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, sọ pé iye tá à ń rajà lóṣù kejìlá ọdún 2024 ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé ẹrù tí ₦10,000 gbé ní Kérésìmesì 2023, nǹkan bíi ₦13,480 ló máa gbé e ní ti 2024. Owó inú kóló ò kúrò lójú kan, ó sì ń joro.

Lọ́dún tí mo fọ́ kóló yẹn náà ni mo wọ àjọ oúnjẹ ládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ là ń dá a láti oṣù kìíní. Tó bá dìparí ọdún, wọ́n á pín ìrẹsì, òróró, adìyẹ kan àti tòmátò inú agolo fún oníkálukú. Ọdún kan ló fi dán mọ́rán. Lọ́dún kejì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni fóònù ẹni tó ń gbowó ti kú. A pé jọ síwájú géètì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ń wo pádílọ́ọ̀kì. Irú rẹ̀ ò pin sọ́dọ̀ wa. Farepak, iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì táwọn èèyàn ń sanwó Kérésìmesì fún díẹ̀díẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, dojú dé lóṣù kẹwàá ọdún 2006. Ó lé ní 100,000 èèyàn tówó wọn há síbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 37 pọ́ùn.

Èésú kọ́ ni àjọ oúnjẹ yìí o. Èésú ti pẹ́ nílẹ̀ wa, Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú èésú, ẹnì kan á ti kó tirẹ̀ kóṣù tó parí, ojú gbogbo wa á sì wà lára ẹni tó kàn. Nínú àjọ oúnjẹ, owó gbogbo èèyàn á wà lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan fún oṣù mọ́kànlá, láìsí ẹni tó tíì kó kọ́bọ̀. Ká ní mo ti ronú kàn án bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá ti máa ra òróró tèmi fúnra mi.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí nìyẹn, kò sì rọrùn tó bó ṣe ń dún lẹ́nu. Bàtà, aṣọ, ọṣẹ, iyọ̀, agolo tòmátò, wọ̀nyẹn kì í bínú. Ẹ kàn wo déètì ara agolo dáadáa. Ẹ̀wà ló máa ń fojú èèyàn rí màbo. Mo ra ẹ̀wà lóṣù kẹjọ lọ́dún kan, nígbà tí mo fi máa ṣí ike, kòkòrò ti sọ ọ́ dilé. Ata gbígbẹ ni ìyá ọkọ mi ní kí n máa kó sáàárín rẹ̀, kí n sì dé e pa, ó sì ń gbà díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da oògùn kòkòrò Sniper sí oúnjẹ o. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, pariwo ìyẹn títí. Ti ìrẹsì ń dùn mí dòní. Lọ́dún 2025, mo ra àpò kan láàárín ọdún, mo ń yin ara mi. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, iye tí wọ́n ń tà á ti wálẹ̀ ju tèmi lọ. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín síbi oúnjẹ.

Ti adìyẹ ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Adìyẹ tẹ́ ẹ rà lóṣù kẹjọ, tó ń jẹun lójoojúmọ́, kò sí akáǹtáǹtì tó lè bá yín ṣírò rẹ̀. Ká tiẹ̀ wá ní àwọn ọmọ ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mò ń gbọ́n yìí, mo máa ń gbàgbé pé ọlọ́jà ló kọ́kọ́ ń kó Kérésìmesì jọ. Ọdún ò tíì sún mọ́lé tí wọ́n á ti máa gbàwìn, tí wọ́n á máa kó páálí lé páálí títí yóò fi kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù, kó lè jẹ́ pé oṣù kejìlá nìkan ni wọ́n á fi san gbèsè ọdún. Oṣù kejìlá náà ni iná jó Tejúoṣó, lọ́dún 2007. Àwọn tí ọjà wọn kún jù lọ́dún niná bá. Màámi lọ kí ìyá oníbàtà náà. Ó ní kò sunkún, pé ohun tó ń tún sọ ṣáá ni pé bẹ́ǹṣì náà jó. Oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Gómìnà Faṣọlá, ni wọ́n tó ṣí ilé ọjà tuntun alájà púpọ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí. Ó dára lójú, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé ní 2,000, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà àtijọ́ lè dá. Ìyá oníbàtà ò padà wọlé. Ẹ̀bá ọ̀nà ló pàtẹ sí, lábẹ́ tapólì, ibẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tà títí dòní.

Ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni mo lọ lóṣù kejì tó kọjá. Mo yọ igi ìgbálẹ̀ jáde nínú báàgì. Ó wò ó, ó wò mí, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún mi pé ọmọ Tíṣà ni yín.” Kò ní bẹ́ǹṣì, ó dojú ike omi délẹ̀, ó ní kí n jókòó. A nájà títí ọkọ̀ méje fi kọjá. Ó fún mi ní okùn bàtà, funfun méjì.

Àná ni mo dúró kí ọmọ mi obìnrin sùn, mo fa àpótí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi bàtà náà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú oorun. Oṣù kẹfà la wà yìí. Ìka kan ló kù.